Oríkì Tí Mo Rò Pé Mo Kọ́ Lójú Oorun

Ajé, 5 oṣù Karùn-ún

Hephzibah ló ń kọ èyí, ọmọ Morónkẹ́ ọmọ mi. Yunifásítì wọn tún ti daṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣe nílé yìí ní Aké ju kó máa fi ìka ra fóònù lọ. Mo ní kó wá fi ìka náà ṣiṣẹ́. Èmi Ẹfúnyẹmí, ọmọ ilé Fáyọmí, n kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo bá sọ. Tó bá fi tirẹ̀ kún un, màá mọ̀, nítorí màá ní kó kà á padà.

Baálẹ̀ abúlé wa, lẹ́yìn Wásinmi, ti kú. Ilé Ṣàngódélé ló jẹ kọjá, ó kan ilé wa. Olújìmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ni a fà kalẹ̀. Wọn yóò sé e mọ́lé. Ní ìdájí ọjọ́ tí yóò jáde, obìnrin ilé wa ni yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò fi oríkì jí i. Gbogbo àwọn tó ti jẹ nílé wa ni yóò kì, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kò gbọdọ̀ fo ẹnì kankan. Kò sí ìwé níbẹ̀, kò sí fóònù. Bí ó bá fo ẹnì kan, ipò padà sí ilé Ṣàngódélé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ọ̀ṣunníyì, ló ń kì í. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Ó ku èmi. Hephzibah ni yóò gbè mí, nítorí kò sí obìnrin mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

Mo kì í láàárọ̀ yìí, ó lọ geerege. Mo tún un kì lọ́sàn-án, ó já mọ́ mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù yìí ni Olújìmí yóò jáde.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Karùn-ún

A lọ sí abúlé. Òjò lù wá. Owó ọkọ̀ ti lé, awakọ̀ ní epo ló fà á. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ní epo ló fà á báyìí, títí kan tòmátò.

Bàbá Ṣàngódélé ló gbọ́ ẹnu mi. Òun ló dàgbà jù lábúlé, etí rẹ̀ sì ni gbogbo ilé gbà. Ilé kejì ló ti wá, ṣùgbọ́n kì í purọ́, kò tiẹ̀ ní ọgbọ́n rẹ̀. Tẹjúmádé, ọmọbìnrin Olújìmí, gbé omi wá fún wa, ó dúró, ó ń wo ẹnu mi. Ìyá rẹ̀ tún rán an lọ sódò.

Mo kì í dé òpin. Bàbá mi orí.

"Ẹfúnyẹmí, o kì í dáadáa. Ohùn ìyá rẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣẹ́ kù lẹ́yìn."

"Ta ni, Bàbá?"

"Kì í ṣe ẹnu mi ni yóò ti jáde. Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, ilé tèmi ló jí baálẹ̀ yín nìyẹn."

"Ẹ sọ ibi tí mo ti fò ó fún mi, ó kéré tán."

"Lẹ́yìn Ògúnwọlé. O fo láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Fágbèmí bí ẹni fo gọ́tà."

Ilẹ̀ ni Olújìmí ń wò. Ó fẹ́ oyè yìí ju bí ó ṣe ń ṣe lọ.

Mo ti ń kì í bẹ́ẹ̀ fún Morónkẹ́ láti kékeré rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Ta ni ìbá dá mi dúró? Ìgbà tí wọ́n fi àbúrò bàbá wa jẹ, Aké ni mo wà, mo ń gbọ́mọ tuntun jó lórí ẹsẹ̀, n kò gbọ́ bí Ọ̀ṣunníyì ṣe kì í.

Bí a ṣe kọ́ ọ nìyí. Ìyá wa a máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wa ní ìdájí, a máa kì í sí wa lórí nígbà tí a bá ń sùn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa lójú mọmọ rí. Ojú oorun la ti kọ́ ọ. Nítorí náà, ojú oorun ló wà, ibẹ̀ ni màá ti lọ mú un.

Àìkú, 11 oṣù Karùn-ún

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní Ọ̀ṣunníyì ni yóò wá sọ ọ́ fún mi lójú àlá. Wọ́n ní kí n fi aṣọ rẹ̀ bora. Mo fi bora. Morónkẹ́ ní ìwà kèfèrí ni. Mo ní kó lọ wá bàtà rẹ̀, nítorí wọ́n jí bàtà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ òní, ìyẹn nílé Ọlọ́run tí kò sí kèfèrí.

Ó wá lóòótọ́, nígbà tí mo rẹjú lọ́sàn-án. Ó wà ní oko, ó tẹ̀ ba, ó ń wá bàtà nínú ebè. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló tẹ̀ lé Ògúnwọlé?" Ó ní kí n bá òun gbé àtùpà dání. Mo gbé e dání títí mo fi jí. Ọwọ́ ń ro mí.

Hephzibah ní bóyá ó ní ìtumọ̀. Mo ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n jí bàtà ìyá ẹ.

Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Karùn-ún

Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń jí ní ìdájí, tí mo ń kì í sí Hephzibah lórí bí ìyá wa ṣe ń ṣe fún wa. Mo rò pé kó tó di ọjọ́ náà, yóò ti kún inú rẹ̀. Lónìí mo pè é.

"Ó yá, kì í fún mi."

"Kí ni, Màmá Àgbà?"

"Oríkì tí mo ti ń kì sí ọ lórí láti ọjọ́ Ẹtì."

"Ẹ̀yin ni? Mo rò pé rédíò àwọn ará ìsàlẹ̀ ni."

Kò mọ nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tó rántí ni ibi tí mo ti wúkọ́.

Ó lọ wo fóònù rẹ̀. Ó ní àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wo ẹni tó ń sùn. Wọ́n ní ọpọlọ kì í kọ́ irú ọ̀rọ̀ gígùn báyìí lójú oorun. Ohun tó ti gbọ́ tàbí tó ti rí lójú ayé ló máa ń tún yẹ̀ wò, tí ó ń tò síbi tó yẹ. Ó ní nínú títò yẹn ni àlá ti máa ń mú nǹkan àná àti nǹkan àtijọ́ lù pọ̀ mọ́ra.

Mo ní ta ló wọ orí wọn lọ wò ó? Ó ní wáyà ni wọ́n fi lẹ̀ mọ́ wọn lórí. Mo ní ẹni tí wọ́n fi wáyà lẹ̀ mọ́ lórí, ṣé ó lè sùn?

Ọjọ́rú, 14 oṣù Karùn-ún

N kò sùn. Òjò.

Ẹtì, 16 oṣù Karùn-ún

Oorun tún kọ̀ mí lánàá, ni mo bá rán Hephzibah lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ó fún mi ní oògùn funfun kan. Mo sùn bí igi. Kò sí àlá, kò sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo jí, ahọ́n mi wúwo bí ọmọ ọlọ, Fáyọmí tó dá abúlé sílẹ̀ gan-an, n kò rí i pè. Mo da ìyókù sínú ṣáláńgá. Morónkẹ́ ní owó ni mo dà nù. Mo ní oorun tí kò mú nǹkan wá, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Olújìmí pè. Ó ní, "Àbúrò bàbá mi, ṣé ẹ ti rí i?" Mo ní bí mo bá rí i, ariwo mi ni yóò jí ọ.

Àìkú, 18 oṣù Karùn-ún

Mo ti yí ọwọ́ padà. Mo ń kọ́ Hephzibah lójú mọmọ báyìí, ó jókòó níwájú mi, ó ń dá mi lóhùn. Lánàá, a jà. Ó pe Fágbèmí ṣáájú Fáyọmí, ó fi orúkọ ìyá ọkọ mi sínú oríkì ilé mi. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ní òun ò lè mọ̀ ọ́n láéláé, ó lọ sùn tẹkún tẹkún.

Láàárọ̀ yìí kí ó tó bọ́jú, ó kì í, ó sì dára ju bí ó ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ láàárín. Ó wò mí, mo wò ó.

Mo ní ó yé mi. Láfún ni. O bẹ ẹ̀gẹ́, o rẹ ẹ́ sómi, o lọ sùn. Kì í ṣe ìwọ lo mú un rọ̀, òun ló rọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí o kò rẹ, o lè sùn títí di ọjọ́ ìkórè tó ń bọ̀, bí ó ṣe wà ni wàá bá a. Ohun tí mo ń ṣe láti ọjọ́ Ẹtì ọjọ́sí ni pé mo ń da omi sínú agbada tí kò sí ẹ̀gẹ́ nínú rẹ̀.

Ó ní ohun tí àwọn oníwáyà wí náà nìyẹn. Mo ní kí wọ́n wá ra láfún.

Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo làwa ṣe kọ́ ọ?

Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún

Kí Hephzibah kọ eléyìí dáadáa.

Mo lálàá. Ìyá wa ń kì wá. Mo rí ẹní, mo rí ògiri tó ní ojú ihò kan tí alángbá ń gbà wọlé. Ó kì Fáyọmí. Ó kì Ògúnwọlé. Ó wá gbá mi lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ tutù. Mo gbé korobá. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń kéré, ó ń kéré, ewé ń gbá mi lójú, n kò gbọ́ ọ mọ́. Odò ni mo gbọ́.

Mo jí, mo sì jókòó sórí ibùsùn, inú bí mi.

A kò sùn. Ìyẹn ni. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó ń sùn. A ń díbọ́n ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lajú ni wọn yóò kọ́kọ́ rán níṣẹ́, nítorí náà, gbogbo wa a di ojú pa bí òkú, a máa tẹ́tí, a máa retí ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀rù iṣẹ́ ló mú wa gbọ́ oríkì yẹn dáadáa. Etí wa là kedere.

Ọ̀ṣunníyì ló ń dáná. Inú ilé ni iná wà, nítorí náà ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo ń pọnmi. Tí wọ́n bá ti ki Ògúnwọlé tán, èmi ló kàn, ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Nígbà tí mo bá fi máa gbé omi gòkè dé ẹ̀yìnkùlé, ìyá wa ti dé ọ̀dọ̀ Fágbèmí.

N kò gbàgbé ẹni náà. N kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo ti fi aṣọ òkú bora, mo ti lo oògùn, mo sì ti bá Ọ̀ṣunníyì gbé àtùpà, ohun tí mo ń wá kò sí nínú mi rárá. Oorun kò lè bù fún mi nínú ohun tí n kò ní.

Hephzibah bi mí pé ta ló tún wà lórí ẹní náà. Ìbéèrè tó dáa. Ẹni tó kéré jù, tí wọn kì í rán sódò. Fátúnbí, ọmọ àbúrò bàbá wa, tí ìyá rẹ̀ kú tí ìyá wa wò dàgbà. Ó ti di Mùtíù báyìí. Alàájì ni, ní Itori. A kò ríra láti ìgbà ìsìnkú Ọ̀ṣunníyì, níbi tí òun ti dúró síta géètì.

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Karùn-ún

A lọ sí Itori. Ọ̀nà burú, ọkọ̀ ńlá tó ru símẹ́ńtì ti lu ú bí ìgbà tí ènìyàn fi ọmọ odó gún un.

A bá Mùtíù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀. Lubabah ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́.

"Fátúnbí, mo wá bá ọ."

"Mùtíù."

"Mùtíù, mo wá bá ọ. Lẹ́yìn Ògúnwọlé, ta ló kàn nínú oríkì ìyá wa?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn ná. Ẹ ò tíì jókòó."

Mo jókòó. "Ta ló kàn?"

"N kò rántí. Ọjọ́ ti pẹ́. Ẹnu tí mo fi ń kéwú sì rèé, n kì í tún fi pe àwọn nǹkan yẹn."

"Oríkì kì í ṣe ẹbọ. N kò ní kó o pa ewúrẹ́. Ẹnì kan ni mo ní kó o pè."

"Mo ní n kò rántí."

Mo sọ fún un pé ipò ń bọ́ lọ. Ó ní Ọlọ́run ló ń fúnni nípò. Mo ní kí Ọlọ́run tó fi fún ilé Ṣàngódélé, ìwọ la kọ́kọ́ bẹ̀. Ó tún ń nu gíláàsì tó ti mọ́.

Lubabah ni mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ju ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sínú agbada.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá wọn jà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, wọn ò rántí. Ìyẹn tí ojú wọn bá là. Kí ẹ wá bá wọn ní ìdájí, kó tó di pé wọ́n pe ìrun. Wọ́n á máa kì bí ẹni tí ìyàwó tuntun ń gbọ́."

"Lubabah," Mùtíù ní.

"Kí ni mo ṣe, Alàájì? Mo rò pé ẹ mọ̀. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mo rò pé ọlọ́pàá ló ń bi yín lórúkọ àwọn ẹgbẹ́ yín lójú àlá, tí ẹ ń kà wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó yá mo mọ̀ pé àwọn bàbá ọkọ mi ni, ni mo bá dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ wọn."

"O mọ̀ ọ́n?" Èmi ni mo bi í.

"Ìyàwó ilé ni mí, Ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn Ògúnwọlé, Ọ̀ṣunjìmí ni." Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó sì kì í:

"Ọmọ Ọ̀ṣunjìmí, arùṣu má sọ̀,
Ó gbé iṣu kọjá odò, ó gbàgbé bàtà.
Wọ́n ní kó padà wá mú bàtà,
Ó ní ẹsẹ̀ mọ ilé, bàtà kì í hù nílé."

"Lóko," Mùtíù ní.

"Nílé lẹ máa ń wí."

"Lóko ni. Bàtà kì í hù lóko. Ta ló ń gbin nǹkan sínú ilé?"

"Èmi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá yín."

Ni ọkùnrin yìí bá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó di ojú, ó sì kì í láti Fáyọmí, ó kì í kọjá Ògúnwọlé, ó kì Ọ̀ṣunjìmí bí ó ṣe gbé èbù iṣu kọjá odò nígbà tí ìyàn mú, bí ó ṣe fi ẹsẹ̀ lásán délé, bí ó ṣe gbìn ín tí gbogbo abúlé fi jẹ. Ó kì í dé Fágbèmí. Nígbà tó lajú, ó wò wá bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Hephzibah ti fi fóònù gba ohùn rẹ̀. Lubabah ṣẹ́jú sí mi, ó sì mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. Títí di ìsinsìnyí n kò mọ̀ bóyá ó ṣi "lóko" pè ni, tàbí ó mọ ọkọ rẹ̀, pé kò ní lè pa ẹnu mọ́ bí a bá ṣi í.

Ní inú ọkọ̀, Hephzibah ní, "Màmá Àgbà, bàtà yẹn. Ẹ lálàá rẹ̀ lọ́jọ́sí." Mo ní bóyá ó ta sí mi létí rí níbi tí mo ti ń wá korobá, bóyá bàtà ìyá ẹ ni. N kò ní jà sí i.

Ajé, 26 oṣù Karùn-ún

Gaàrí tún ti wọ́n. Ọ̀ṣunjìmí ń wá ó ń lọ. Láàárọ̀ mo ní in, bí oòrùn bá ti mú, iṣu yóò kọjá odò, òun yóò kù sí òdìkejì. Hephzibah ti gbà á pátá. Ó ń kì í níbi tó ti ń fọ abọ́. Ara mi kò balẹ̀ rárá.

Ẹtì, 30 oṣù Karùn-ún, ní abúlé

Ọmọ yìí ń yán lé mi lórí. Mo ní kó jókòó ká máa tún un kì mọ́jú. Ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ jẹ́ ká rẹ ẹ́ sómi, ká lọ sùn. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Kó máa lọ. Èmi kò ní sùn. Bí mo bá sùn, ó lè bọ́.

Àìkú, 1 oṣù Kẹfà

N kò sùn lóòótọ́. Mo jókòó sórí àpótí mọ́jú, mo ń kì í sí ara mi létí, Hephzibah ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo fẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀kan. Ó yí padà, ó ń bá a lọ.

Ní ìdájí àná, wọ́n mú wa dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí Olújìmí wà. Bàbá Ṣàngódélé jókòó lórí àga onírọ́bà, àwọn ará ilé rẹ̀ dúró yí i ká. Mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi dára, mo mọ̀. Mo kì Fáyọmí. Mo kì Ògúnwọlé.

Òfìfo.

Mo mọ̀ pé odò wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bàtà wà níbẹ̀. N kò rí ọkùnrin náà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan nínú ilé Ṣàngódélé wúkọ́. Mo gbọ́ tí Olújìmí sún mọ́ ilẹ̀kùn nínú yàrá.

Ni ohùn kan bá gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohùn tó sùn dáadáa, tí kò gbọ̀n. Ọmọ Ọ̀ṣunjìmí, arùṣu má sọ̀. Hephzibah gbé e kọjá odò, ó fi bàtà sílẹ̀, ó gbìn ín. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ Fágbèmí, mo gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jọ kì í parí.

Ẹnì kan ní ilé Ṣàngódélé ní ohùn méjì lòun gbọ́. Bàbá ní, "Ẹni tó gbè, ta ló bí i?"

Mo ní, "Morónkẹ́ ọmọ mi."

"Ilé kan náà ni." Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Gbogbo wọn ti dé. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún ọmọ náà."

Olújìmí jáde. Ó ti rù. Mo lọ sùn lórí ẹní Tẹjúmádé, mo sùn títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tí mo jí, Ọ̀ṣunjìmí wà lẹ́nu mi, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bàtà. Ó mà mọ ìgbà tó yẹ kó wá.

Àwọn tí ẹ máa sọ fún nìyí. Kí Hephzibah pe Lubabah lónìí, Lubabah fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Kó sọ fún un pé Ọ̀ṣunjìmí tó fún wa ti dé ilé, a sì kì í ní "lóko". Kí Mùtíù gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, yóò tún ní òun ò rántí.

Lẹ́yìn rẹ̀, Tẹjúmádé ló kàn. Ọmọ yẹn ní etí. Ẹ kọ́ ọ lọ́sàn-án, kó jókòó, kó lajú, kó máa dá yín lóhùn. Bí ó bá ṣi í, ẹ jẹ́ kó lọ sùn, kí ẹ tún bi í láàárọ̀. Ẹ má ṣe kì í sí i lórí nígbà tó bá ń sùn, ẹ kàn ń da omi ni. Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, mo ti sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹ tún sọ fún un: kí ẹnikẹ́ni má rán ọmọ náà lọ pọnmi títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ Fágbèmí.